Ta ló ń ṣèjọba: ẹni tó wà lórí àga, àbí ẹni tó ti dìde níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÒKÈ-ÀDÓ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún un ní wọ́ọ̀dù ni pé kó lọ kí Bàbá ná, kó má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣé kó lọ ni, àbí kó má lọ? Bàbá yìí ti kúrò nípò, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo wá wo òkè, mo rí i pé bákan náà ló rí níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ di Ààrẹ, á gba Abẹ́òkúta lọ kí Ọbásanjọ́, á gba Minna lọ kí Babangida. Kí ló dé tí àwọn tó ti ṣe tiwọn tán kò jẹ́ ká sinmi? Ṣé kò yẹ kí òfin kan wà tó máa ní kí wọ́n jókòó sílé, kí wọ́n pa ẹnu mọ́?

* * *

Àbúrò, ìbéèrè rẹ wọ̀ mí lára, nítorí ojú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá. Lọ́dún 1993 tí mo ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́, pósítà Abíọ́lá ni ọ̀gá mi ń tẹ̀ tọ̀sán-tòru, orí pépà la sì ń sùn. Láti ìgbà náà, kò sí ìbò kan tó kọjá tí yíǹkì rẹ̀ kò kàn mí lọ́wọ́.

Bí olùdíje bá wọlé, kò tíì ní sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ìlú tí á ti kó fọ́tò jáde. Ti Awólọ́wọ̀ lókè pátápátá, pẹ̀lú fìlà àti awò ojú rẹ̀. Ti àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ti ṣe gómìnà tàbí Ààrẹ rí á tẹ̀ lé e. Tirẹ̀ á wá wà nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ní kí n dín ojú òun kù kí ojú Bàbá lè tóbi sí i. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ wọlé ni?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọn ò bá rí Bàbá, wọn ò ní rí mi." Ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé Bàbá lé orí ara rẹ̀.

Kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. Ẹnu àwọn tó ti ṣèjọba kọjá kò dùn mí. Kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ lẹ́tà. Ọwọ́ wọn ló ń dùn mí, ọwọ́ tó ṣì wà nínú àpò ìjọba, tó ń yọ orúkọ ẹnì kan kúrò nínú ìwé, tó ń fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Òfin tó bá ní kí ẹnikẹ́ni pa ẹnu mọ́, n kò ní bá wọn dá sí i, nítorí bó bá ti ẹnu Bàbá kúrò, ẹnu tèmi àti tìrẹ ló kàn.

* * *

Ìdáhùn ti ń wọlé láti àná. Ọ̀pọ̀ ló di òwe kan náà mú: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹnì kan láti Bódìjà to tirẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ó ní nígbà ìbò 2015, Ọ̀gágun Abdulsalami ló ṣaájú ìgbìmọ̀ tó mú kí àwọn olùdíje fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, Jonathan sì pe Buhari lórí fóònù láti kí i kú oríire kí wọ́n tó ka ìbò tán. Ó ní Ọbásanjọ́ wà lára àwọn tó jókòó ti ìjọba Ethiopia àti àwọn Tigray títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé pé ogun tó, ní oṣù Kọkànlá 2022. Ó ní bí a bá ti àwọn wọ̀nyí mọ́lé, ta ló kù tó máa sọ̀rọ̀ tí ẹni méjì tó ń jà á gbọ́?

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò sì ní jiyàn ọ̀kankan. Àmọ́ ẹ padà sínú òwe náà fúnra rẹ̀. Àgbà tó wà lọ́jà rí ọmọ tí orí rẹ̀ wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní kí ìyá tún ọmọ pọ̀n. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí nìyẹn. Kò tú ọ̀já lára ìyá, kò sì dìde láti yan obìnrin mìíràn tó máa pọ̀n ọ́n. Ní Nàìjíríà, àgbà ọjà ló ń yan ìyá.

* * *

Ará Apáta kan kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ "àgbà" rárá. Ó ní, "Àgbà wo? Sọ́jà ni wọ́n." Ó kà wọ́n: nígbà tí Buhari kú ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, márùn-ún ló kù láyé nínú àwọn tó ti jókòó sórí àga náà: Gowon, Ọbásanjọ́, Babangida, Abdulsalami àti Jonathan. Mẹ́rin nínú márùn-ún ló kọ́kọ́ débẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ológun. Ó bi wá pé báwo ni ẹni tí a kò dìbò yàn ṣe máa kọ́ wa bí a ṣe ń dìbò.

Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, mo sì fi odidi ọjọ́ kan rò ó. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún Shagari ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1979 nígbà tí ọ̀pọ̀ ológun nílẹ̀ Áfíríkà kò ronú àtikúrò. Abdulsalami náà kò pé ọdún kan tó fi gbé e sílẹ̀ ní 1999. Ìyìn wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun kan náà ló fọwọ́ sí ìwé òfin 1999 tí a ń lò títí dòní, inú ìwé òfin yẹn gan-an ni wọ́n sì ti to àga sílẹ̀ fún ẹni tó bá ti ṣe olórí rí.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé lẹ́tà àti ìbẹ̀wò nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Council of State. Gbogbo Ààrẹ àná àti olórí ìjọba àná wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé wọn, pẹ̀lú àwọn adájọ́ àgbà àná, gbogbo gómìnà, ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Wọ́n ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn lórí ètò ìkànìyàn, lórí oyè orílẹ̀-èdè, lórí ẹni tí wọ́n máa dárí jì lẹ́wọ̀n. Òfin sì ní kí Ààrẹ kàn sí wọn kó tó yan alága INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá 2025, ìgbìmọ̀ yìí ló fọwọ́ sí orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Joash Amupitan kó tó lọ sílé aṣòfin àgbà. Ẹni tó máa ka ìbò rẹ ní Òkè-Àdó, yàrá tí àwọn alákòóso àná ní àga sí ni orúkọ rẹ̀ gbà kọjá.

Ẹnì kan ní kí wọ́n yọ wọ́n kúrò níbẹ̀. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn lásán ni ìgbìmọ̀ náà ń fúnni, Ààrẹ lè má tẹ̀ lé e, orúkọ gbogbo wọn sì hàn sí wa. Ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà wá jù, ọ̀nà tí kò sí nínú òfin kankan.

* * *

Lórí lẹ́tà, kí n yára sọ èyí kí n lè dé Mọ́lété.

Ọbásanjọ́ kọ lẹ́tà sí Jonathan ní oṣù Kejìlá 2013. Ó kọ òmíràn sí Buhari ní oṣù Kìn-ín-ní 2018 pé kó má padà wá ní 2019. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún 2023, ó kọ̀wé pé Peter Obi ni kí àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé. Kí ló ti inú wọn jáde? Jonathan fìdí rẹmi ní 2015, àwọn kan sì ní lẹ́tà ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Buhari wọlé ní 2019, lẹ́tà wà nílẹ̀. Ní 2023, Obi ṣe ipò kẹta, Tinubu ló sì mú ìpínlẹ̀ Ògùn tí Bàbá fúnra rẹ̀ ń gbé. Ẹ má sì gbàgbé pé ní 1999 tí Ọbásanjọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ, gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọ̀ ọ́.

Nínú àpótí ìbò, ẹnu Bàbá kò le tó bí àwọn oníròyìn ṣe ń gbé e. Ẹ wo Èkó náà. Tinubu ṣe gómìnà níbẹ̀ láti 1999 sí 2007, kò sì sí ẹni tó di gómìnà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí lára ẹni náà. Ní oṣù Kẹwàá 2018, Ambode wà lórí àga gómìnà, ẹgbẹ́ kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti díje lẹ́ẹ̀kejì, ó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì 2023 tí àwọn ará Èkó fọwọ́ ara wọn tẹ̀ka, Obi ló mú Èkó mọ́ Tinubu lọ́wọ́. Ẹ fi èyí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbi tíkẹ́ẹ̀tì, Bàbá borí gómìnà tó wà lórí àga. Níbi ìbò, ará ìlú borí Bàbá. Ibi tíkẹ́ẹ̀tì ni ká ti lọ máa ṣọ́ ọ.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Ìbàdàn láàárín 2003 sí 2007, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo máa ń gbé kálẹ́ńdà lọ sí Mọ́lété, ilé Olóyè Làmídì Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú Ìbàdàn. Láàárọ̀ kùtù, èrò ti kún àgbàlá. Ìyá tó ń wá owó ilé ìwé ọmọ, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé lọ síbi tó jìnnà, ọmọ yunifásítì tí kò rí owó san, gbogbo wọn jókòó, àmàlà àti gbẹ̀gìrì ń jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan ń kẹ́gàn àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. N kò bá wọn kẹ́gàn. Ìkòkò Mọ́lété sún mọ́ wọn ju ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi lọ. Ìyá yẹn ti lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ní Mọ́lété, wọ́n ní kó jókòó, wọ́n bu oúnjẹ fún un, wọ́n béèrè orúkọ ọmọ rẹ̀. Níbi tí ìjọba kò bá ti dáhùn, ẹni tó bá dáhùn ló di ìjọba.

Ibo lowó àmàlà ti ń wá? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2003, Adédibú wà lẹ́yìn Ládọjà tó ń díje fún gómìnà, Ládọjà wọlé. Kò pẹ́ tí ìjà dé. Adédibú kò fi ohun tó fa ìjà pamọ́: ó sọ ọ́ síta pé mílíọ̀nù 65 náírà ni gómìnà ń gbà lóṣooṣù fún owó ààbò, pé mílíọ̀nù 15 nínú rẹ̀ ló yẹ kó máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ òun, gómìnà kò sì mú un wá. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Nígbà tó yá, aṣòfin 18 nínú 32 lọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kan láti bẹ̀rẹ̀ ètò ìyọnípò, wọ́n sì yọ gómìnà ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní 2006. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin ń fẹ́. Nínú 32, 22 nìyẹn. Ọmọ tó mọ ìṣirò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé 18 kò tó. Alao-Akala, igbákejì rẹ̀, jókòó sórí àga fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2006 pé ìyọnípò náà kò bófin mu, Ládọjà sì padà.

Oṣù mọ́kànlá yẹn, ìpínlẹ̀ yìí kò mọ ẹni tí gómìnà rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù ń bà wá láti gba Mọ́lété kọjá lálẹ́. Lẹ́tà ìjọba tí a tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé bàbá ìsàlẹ̀ kò ṣe ìlú ní nǹkan kan, ọdún yẹn ni mo máa ń rán an létí.

* * *

Wọ́n ti gbá mi mú níbí. Ẹnì kan láti Ìyágankú ní, "Ẹ̀gbọ́n, Adédibú kò ṣe gómìnà rí. Àwọn tó ti ṣèjọba kọjá la ń sọ, ẹ̀yin wá lọ gbé bàbá ìsàlẹ̀ wá."

Ó tọ́ kó béèrè. Tí a bá fẹ́ ẹni tó ti wà lórí àga, tó kúrò, tí ìjà sì dé láàárín òun àti ẹni tó rọ́pò rẹ̀, a kò ní láti jáde kúrò nílùú yìí. Kí a padà sí 1962.

Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí di òpin 1959, ó lọ sí Èkó láti ṣe olórí ẹgbẹ́ alátakò, Akíntọ́lá sì gba àga ní Ìbàdàn. Awólọ́wọ̀ ṣì ni olórí ẹgbẹ́. Ìbéèrè tó pín ilé yẹn níyà ni ìbéèrè rẹ gan-an, àbúrò: ta ni olórí ìjọba ń jẹ́ ìpè rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ tó yàn án ni, àbí olórí ẹgbẹ́ tó ti dìde lórí àga? Èrò wọn yàtọ̀ lórí bí ẹgbẹ́ ṣe máa bá ẹgbẹ́ Àríwá ṣe, èrò wọn yàtọ̀ lórí ètò ọrọ̀ ajé, ṣùgbọ́n èyí ló wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ní Jos ní oṣù Kejì, wọ́n ní kí Akíntọ́lá kúrò. Ó kọ̀. Wọ́n fi Adégbẹ́nrò rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1962, àga ń fò nínú ilé ìgbìmọ̀ níbí ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá ju afẹ́fẹ́ tajútajú. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, wọ́n gbé Dókítà Májẹ̀kódùnmí wá láti máa ṣàkóso.

Bàbá mi rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọdún 1965, nígbà rògbòdìyàn Wẹ́tiẹ̀, ó ń ta pákó, ó rí ilé aládùúgbò rẹ̀ tó ń jó, kò sì sọ̀rọ̀ òṣèlú nínú ilé mọ́ títí tó fi kú.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Akíntọ́lá, máa dá mi lóhùn lórí èyí, àwọn tó ní fọ́tò Awólọ́wọ̀ lára ògiri náà máa dá mi lóhùn. Ẹ má bínú. N kò fẹ́ ká tún dá ẹjọ́ yẹn lóru yìí. Èmi náà ní fọ́tò Awólọ́wọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo ń wò ni pé àwọn méjèèjì jẹ́ ọlọ́gbọ́n, àwọn méjèèjì kàwé, ìlú sì fẹ́ràn wọn, síbẹ̀ kò sí ìlà tó hàn tó sọ ibi tí ọwọ́ ẹni àná ti parí. Nítorí ìlà tí kò sí yẹn, ilé jó.

Awólọ́wọ̀ kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1987. Ipa tó ní lórí wa lónìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni lọ kí i. Ọ̀fẹ́ tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ láti oṣù Kìn-ín-ní 1955 ni a fi ń wọn gbogbo gómìnà tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi kàwé nítorí rẹ̀. Irú ipa bẹ́ẹ̀, kí ó wà títí.

* * *

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì béèrè ohun tí n kò rò rí: kí ló dé tó jẹ́ pé àwa Yorùbá, tí a mọ ọ̀rọ̀ àkóso láti ìgbà láéláé, kò mọ bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tó ti ṣèjọba kọjá?

Mo rò pé ìdí ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àṣà wa. Ọba ń wàjà. Kò sí "Olúbàdàn àná" tó ń rìn ní Ọjà-Ọba. Bí Ọ̀yọ́ bá kọ Aláàfin láyé àtijọ́, igbá tí wọ́n bá gbé fún un, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí, kò sì ní rí ọjọ́ kejì lórí ìtẹ́. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá: ìgbà ọba kan gbọ́dọ̀ tán kí ti òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àwa-ara-wa ló mú ẹni tó ti jọba tó ṣì wà láàyè wá, ara rẹ̀ le, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì ń dún. A kò ní orúkọ fún un. A wá ń pè é ní Bàbá, Ẹbọra, Ọ̀gá Àgbà, a sì ń wólẹ̀ fún un bíi pé ìgbà rẹ̀ kò tíì tán.

Ẹ rántí Ìsẹ́yìn, ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2023. Gómìnà Mákindé pe Ọbásanjọ́ wá ṣí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn àti ọgbà tuntun yunifásítì LAUTECH. Ó wo àwọn ọba tó jókòó, ó ní, "Ẹ dìde!" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jókòó!" Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá bínú, wọ́n ní ó tàbùkù àwọn orí adé. Àlàyé tirẹ̀ ni pé ó yẹ kí ọba bọ̀wọ̀ fún ipò Ààrẹ àti gómìnà. Mo gbọ́ ti àwọn tó bínú, èmi náà bínú. Ṣùgbọ́n ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo wo fídíò náà ni pé àwọn ọba dìde. Ẹni tó ti kúrò nípò fún ọdún mẹ́rìndínlógún ní kí wọ́n dìde, wọ́n sì dìde.

Ìbàdàn tún ti wá ní tiwa báyìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, Ọba Rashidi Ládọjà, gómìnà àná tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, di Olúbàdàn kẹrìnlélógójì ní Mápó, Ààrẹ Tinubu sì wá. Ọwọ́ mi ló tẹ ọ̀kan nínú àwọn àlùmánáákì tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn dé ọkàn. Àtẹ̀gùn oyè Ìbàdàn ló gùn débẹ̀, kò sí ẹni tó fi tíkẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́. Ẹnì kan níbí ti ń béèrè bóyá òṣèlú ti wọ ààfin. Ìdáhùn mi ni pé kí a wo bó ṣe máa rí nígbà ìbò tó ń bọ̀. Ààfin tó bá gba gbogbo olùdíje pẹ̀lú ọwọ́ kan náà, bàbá gbogbo wa ló wà níbẹ̀.

* * *

Ará Apáta ti padà. Ó ní mo ń ṣàánú wọn jù, pé ó dàbí ẹni pé mo ti gbàgbé 1993.

N kò gbàgbé. Èmi ni mo ń lẹ pósítà yẹn mọ́ ògiri ní Sángo. Babangida fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ó kúrò lórí àga ní oṣù Kẹjọ, ó lọ jókòó sí Minna. Abíọ́lá kú ní àtìmọ́lé, ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998. Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn olóṣèlú ń gun òkè Minna lọ, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá, wọ́n ń ya fọ́tò. Ìgbà tó di oṣù Kejì 2025, níbi ìfilọ́lẹ̀ ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ ní Abuja, ló tó gbà pé Abíọ́lá ló wọlé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ó lé. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà jọ fún un lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, arákùnrin mi, bí mo bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí mò ń wí. Ìdákẹ́ wọn náà ń ṣèjọba lé wa lórí. Gbólóhùn kan péré láti Minna ní 1994 ì bá ti yí nǹkan padà. Ẹni tí a bá ní kó pa ẹnu mọ́, a ti fún un láàyè láti fi ohun tó mọ̀ pamọ́.

* * *

Kí la fẹ́ ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n dá owó ìfẹ̀yìntì wọn dúró, mo bá yín dé ìdajì ọ̀nà. Nígbà tí Sanwó-Olú ń ka ìṣúná 2021 ní oṣù Kọkànlá 2020, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n fagi lé òfin 2007 tó ń fún àwọn gómìnà àná Èkó ní owó ńlá. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ni Bàbá fi ń ra dẹ́ligéètì, àwọn aṣojú tó ń bá ẹgbẹ́ dìbò yan olùdíje.

Dẹ́ligéètì ni ká sọ. Mo máa sọ ohun tí ojú mi rí, n kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀, ó jẹ́ tíṣà, àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀. Mo tẹ pósítà ẹgbẹ̀rún kan fún un ní ọjọ́ Ẹtì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a dé ibi ìbò abẹ́nú, ìwé kan ti dé láti òkè pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn. A kò dìbò. Wọ́n ní gbogbo wa ti fohùn ṣọ̀kan. Tíṣà yẹn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Pósítà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ mi. N kò lè dà á nù.

Nígbà tí òfin ìdìbò 2022 jáde, ọ̀nà mẹ́ta ló fi sílẹ̀ nígbà náà fún ẹgbẹ́ láti yan olùdíje: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí dẹ́ligéètì dìbò, tàbí kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àwọn aṣòfin ti kọ́kọ́ ní kó jẹ́ ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nìkan, Buhari kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2021. Ọ̀pọ̀ lára yín ò ka ìròyìn yẹn sí nǹkan kan. Èmi gbà pé ó tóbi ju gbogbo lẹ́tà Abẹ́òkúta lọ. Àgbà lè bá dẹ́ligéètì díẹ̀ ṣe ìpàdé nínú pálọ̀ kan. Kò lè kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn sí pálọ̀. Ẹ̀yin tó wà nínú ẹgbẹ́, ẹ gba káàdì yín, ẹ lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì dìde tí wọ́n bá ní ẹ ti fohùn ṣọ̀kan nígbà tí ẹ kò tíì sọ̀rọ̀.

* * *

Àbúrò mi ní Òkè-Àdó, mo padà sọ́dọ̀ rẹ. O ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lọ àbí kó má lọ.

Kó lọ. Àgbàlagbà ni, ìkíni kò ba ọmọlúàbí jẹ́. Kó lọ lọ́sàn-án, kó mú ìwọ náà dání, kó má mú àpòòwé kankan. Kó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Tí Bàbá bá ní kó jókòó, kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó ṣe lórí omi ẹ̀rọ Òkè-Àdó nígbà tó wà nípò, ohun tó dí i lọ́wọ́ tí kò fi parí, àti orúkọ òṣìṣẹ́ tó ṣì mọ ibi tí páìpù gbà. Bàbá mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìwé tó kọ ọ́ sí. Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan iye tó máa mú wá, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó fi ṣe olùrànlọ́wọ́ bó bá wọlé, kó kí Bàbá, kó dìde.

Lẹ́yìn náà kó wá sí Mọ́kọ́lá. Iye pépà àti yíǹkì nìkan ni n ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún kan àkọ́kọ́. Kó mú fọ́tò ara rẹ̀ wá, ọ̀kan péré, kó má mú ti ẹnikẹ́ni mọ́ ọn.